Níbo ni Odò Ògùn Parí sí? Ìtàn Odò Kan àti Ẹnu Rẹ̀

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, nígbà tí mo wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ ní òkè òkun, ojoojúmọ́ ni mo ń gba orí afárá kọjá lórí odò tí ó la ìlú náà já. Ohun kan yà mí lẹ́nu níbẹ̀. Kò sí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kékeré kan tí kò lè sọ ibi tí odò náà ti ṣẹ̀, àwọn ìlú tí ó gbà kọjá, àti ibi tí ó gbé wọ inú òkun. Ní ọjọ́ kan, ẹnìkan tí a jọ ń kẹ́kọ̀ọ́ bi mí léèrè nípa odò ilẹ̀ tiwa. Mo dá Ògùn lé, nítorí pé kò jìnnà sí etí rẹ̀ ni a gbé tọ́ mi dàgbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bi mí pé níbo ni odò náà parí sí, mo ní, 'Èkó ni.' Ó ní, 'Ibo ní Èkó?' Mo wò sùn-ùn, n kò rí èsì fọ̀.

Ìbéèrè náà kò kúrò lọ́kàn mi láti ìgbà náà wá. Bí mo ti ń wádìí rẹ̀ ni mo rí i pé kì í ṣe ìbéèrè ọmọdé rárá. Ìtàn àwọn Àwórì fún un ní èsì kan, àwọn olùsìn Yemọja fún un ní òmíràn, àwọn oníṣòwò Ẹ̀gbá àti àwọn gómìnà Èkó sì jà lé e lórí títí ó fi di ọ̀rọ̀ ìlé-ẹni-kúrò-nílùú. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nínú àròkọ yìí ni pé a kò lè mọ ìtàn àwọn ìlú wọ̀nyí yéké bí a kò bá mọ ìtàn odò tí ó so wọ́n pọ̀, àti pé ẹnu odò ni ibi tí ìtàn náà ti díjú jù.

ORÚKỌ ODÒ ÀTI IPA Ọ̀NÀ RẸ̀

Ó yẹ kí a ti ọwọ́ orúkọ bọ̀ ọ́. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ya àwòrán ilẹ̀ wa sínú ìwé kò fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀. 'Ogun' lásán ni wọ́n kọ, nítorí náà ni àwọn mìíràn fi ń rò pé òrìṣà irin ni ó ni odò náà. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ògùn ni odò, ohùn ìsàlẹ̀ lórí méjèèjì. Ògún ni òrìṣà. Ogun ni èyí tí a ń jà. Lára odò yìí ni Ìpínlẹ̀ Ògùn ti gba orúkọ nígbà tí a dá a sílẹ̀ ní 1976, lára rẹ̀ náà sì ni a ti ń pe agbègbè òkè lọ́hùn-ún ní Òkè-Ògùn.

Ní ìhà Ṣakí ni odò náà ti ṣẹ̀, lórí ilẹ̀ tí ó ga tí ó sì kún fún àpáta. Láti ibẹ̀ ó la igbó ọba tí a dá sí agbègbè Ọ̀yọ́-Ilé àtijọ́ kọjá, ó gba àárín àwọn òkè Ìkẹ̀rẹ̀ nítòsí Ìsẹ́yìn, ó sì dorí kọ gúúsù. Odò Ọ̀fíkì, tí òun náà ṣẹ̀ ní ìhà Ṣakí, jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn odò tí ń bù kún un. Ọyán ni èkejì, tí ó dà pọ̀ mọ́ ọn kí ó tó dé Abẹ́òkúta. Ìrìn rẹ̀ láti orísun dé ọ̀sà ju 400 kìlómítà lọ. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi rẹ̀ ní òkè a máa fà títí yóò fi ku kòtò omi níhìn-ín àti lọ́hùn-ún láàárín àpáta. Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò bá rọ̀ dé oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò rò pé odò mìíràn ni.

Abẹ́òkúta ni ààlà láàárín ìgbésí ayé méjèèjì tí odò yìí ń gbé. Lókè Abẹ́òkúta, orí òkúta líle ni ó ń ṣàn, ọkọ̀ kò sì lè fi ibẹ̀ ṣe ọ̀nà tí ó rọrùn. Nísàlẹ̀ Abẹ́òkúta, ilẹ̀ rọ̀, ó sì tẹ́jú. Odò fẹ̀, ó ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ, ó ń wọ inú irà títí ó fi kọjá Ìṣẹri, tí ó sì tú sínú ọ̀sà Èkó ní ìhà Agbóyì. Kì í ṣe inú òkun ni ó wọ̀ ní tààrà. Ọ̀sà ni ó gbà á, ọ̀sà yìí kan náà sì ni ó ń gba omi Ọ̀ṣun àti ti Ọ̀nà tí ó ti ọ̀sà Lẹ́kì wá, àti omi Yewa tí ó gba ìhà Àgbádárìgì. Ẹ wo ọ̀sà náà bí agbo ilé ńlá kan: yàrá inú rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo tí ó ṣe gbòógì ni ó fi jáde sí òde òkun, ẹnu ọ̀nà náà sì ni Èkó.

Nítorí èyí, omi ọ̀sà kì í dúró sójú kan. Ní ìgbà òjò, omi Ògùn àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a ti omi iyọ̀ sẹ́yìn, ọ̀sà a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di omi dídùn tán. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, òkun a gba ilé rẹ̀ padà. Àwọn apẹja kò nílò ìwé kí wọ́n tó mọ èyí. Wọ́n mọ̀ pé inú ọ̀sà ni ọmọ edé ti ń dàgbà kí ó tó padà sínú òkun láti lọ yé ẹyin. Ewéko tí ń léfòó, èyí tí ó gba Àgbádárìgì wọ ilẹ̀ wa ní 1984, náà tẹ̀ lé òfin yìí: òjò ni ó ń mú un bo ojú omi, iyọ̀ ni ó sì ń pa á.

ÌTÀN ÀWO

Àwọn Àwórì ní ìtàn kan tí ó gbajúmọ̀ púpọ̀. Wọ́n ní ọmọ aládé kan, Ògúnfúnminíre, kúrò ní Ilé-Ifẹ̀ pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀. Ifá ní kí ó gbé àwo kan sójú omi, kí ó máa tọ̀ ọ́ lẹ́yìn, ibi tí àwo náà bá sì rì sí ni kí ó tẹ̀dó. Àwo ń lọ, wọ́n ń tẹ̀ lé e. Ó dúró níhìn-ín, ó dúró lọ́hùn-ún, ó tún ń lọ. Àwọn kan ní Ìṣẹri ni ó rì sí. Àwọn mìíràn ní ó dúró díẹ̀ ní Ìṣẹri ni, pé ìtòsí Èkó gan-an ni ó ti rì. Láti inú gbólóhùn náà, 'àwo rì,' ni wọ́n ní orúkọ Àwórì ti jáde. Láti Ìṣẹri ni àwọn ọmọ rẹ̀ ti tàn dé Ìdó àti Èkó, wọ́n sì ń fi orúkọ oyè náà, Olófin, rántí baba ńlá wọn.

Ó yẹ kí òpìtàn ṣọ́ra níhìn-ín. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìtàn tí ń túmọ̀ orúkọ ni ó jẹ́ pé orúkọ ni ó ṣáájú, tí ìtàn sì wá bá a. N kò lè fi ọwọ́ sọ àyà pé láti inú àwo ni orúkọ náà ti wá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá tìtorí èyí da ìtàn náà nù ti da ọmọ nù pẹ̀lú omi ìwẹ̀ rẹ̀ ni, bí àwọn ọ̀rẹ́ mi ní òkè òkun ti máa ń wí. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ìtàn náà mọ̀. Àwo kò ní àjẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò ní ìgbòkun; agbára omi nìkan ni ó ń gbé e. Ìtàn náà sọ pé àwo ń lọ níwọ̀n ìgbà tí omi bá ń sáré, pé ó bẹ̀rẹ̀ sí ṣiyèméjì ní Ìṣẹri, pé ó sì rì ní ibi tí odò ti ń di ọ̀sà. Bí odò ti rí gan-an nìyí. Ohun tí àwo ṣe nínú ìtàn ni erùpẹ̀ ń ṣe nínú odò lójoojúmọ́: níbi tí omi bá ti sáré, a gbé e, níbi tí omi bá ti rọlẹ̀, a jù ú sílẹ̀, ilẹ̀ a sì kún. Lójú tèmi, àwòrán ilẹ̀ ni ìtàn yìí, èyí tí àwọn baba wa fi ẹnu yà. Èsì tí ó fún ìbéèrè wa ni pé odò Ògùn parí síbi tí agbára rẹ̀ bá ti tán.

Ìtàn náà tún jẹ́ ìwé ilẹ̀. Àwọn ìjòyè Ìdẹ́jọ, àwọn onífìlà funfun tí wọ́n ni ilẹ̀ Èkó, ń tọ́ka sí Olófin gẹ́gẹ́ bí orísun ẹ̀tọ́ wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdílé ọba Èkó ń tọ́ka sí Ìbíní. Nígbà tí ìjọba gba ilẹ̀ ní Àpápá fún iṣẹ́ ìlú, Àmọ́dù Tìjání, Olóyè Olúwa, gbé ẹjọ́ náà títí dé ìgbìmọ̀ onídàájọ́ gíga ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, Herbert Macaulay sì bá a lọ síbẹ̀. Ní 1921 ni wọ́n dá a láre, tí wọ́n gbà pé ilẹ̀ náà jẹ́ ti ìdílé àti ti àwùjọ, àti pé ìjọba gbọ́dọ̀ san owó rẹ̀ bí ó ti yẹ. Àwo tí ó rì létí ọ̀sà ni ó fìdí ẹ̀tọ́ yẹn múlẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

YEMỌJA ÀTI ÒKUN

Èsì kejì wà lọ́dọ̀ àwọn olùsìn Yemọja. Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé òun ni ó ni odò Ògùn, gẹ́gẹ́ bí Ọ̀ṣun ti ni odò tirẹ̀, tí Ọya sì ni odò Ọya. Àwọn Ẹ̀gbá ń sìn ín, ojúbọ rẹ̀ sì wà ní Ìbarà, ní Abẹ́òkúta. Nínú ìtàn kan, ọkọ rẹ̀ ní ìhà Ṣakí fi ọ̀rọ̀ bú u. Ó bínú, ó sá lọ, ó sì di odò. Ọkọ di òkè, ó dábùú ọ̀nà. Yemọja ké pe Ṣàngó, Ṣàngó sán àrá, òkè là sí méjì, odò sì gba àárín rẹ̀ kọjá lọ sọ́dọ̀ Olókun. Ẹni tí ó bá ti rí bí odò náà ṣe la àárín òkè kọjá ní ilẹ̀ Òkè-Ògùn yóò mọ̀ pé àwọn tí wọ́n sọ ìtàn yìí fi ojú ara wọn rí ohun tí wọ́n ń sọ.

Ẹ ṣàkíyèsí pé nílé níhìn-ín, Olókun ni ó ni òkun, Yemọja sì ni ó ni odò. Ṣùgbọ́n ní Bàhíà ní ilẹ̀ Bùràsíìlì, àti ní Kúbà, Yemọja ni ìyá òkun. Ní ọjọ́ kejì oṣù kejì lọ́dọọdún ni ẹgbàágbèje ènìyàn ń gbé òdòdó àti ẹ̀bùn lọ fún un létí òkun ní ìlú Salvador. Ní Kúbà, ìlú Regla tí ó dojú kọ èbúté Havana ni a ti ń ṣe ayẹyẹ rẹ̀ nínú oṣù kẹsàn-án. Kí ni ó sọ olódò di olókun? Àwọn ọ̀mọ̀wé ti sọ oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ lórí èyí. Èmi rò pé ọ̀nà tí a gbà kó àwọn olùsìn rẹ̀ lọ wà lára ìdí náà. Nígbà tí ogun fọ́ ilẹ̀ Ẹ̀gbá àti Ọ̀yọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Èkó ti di ọ̀kan nínú àwọn ọjà ẹrú tí ó tóbi jù ní etíkun yìí, ẹnu ọ̀sà sì ni a gbà kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ lọ. Ẹni tí a bá gbé gba ibẹ̀ ti rí odò rẹ̀ tí ó di òkun lójú ara rẹ̀. Lójú irú ẹni bẹ́ẹ̀, odò Ògùn kò parí sí Èkó. Òdì kejì omi ni ó lọ.

ẸNI TÍ Ó DI ẸNU ODÒ MÚ

Ní 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá, lábẹ́ Ṣódẹkẹ́, tẹ Abẹ́òkúta dó. A máa ń sọ̀rọ̀ nípa Òkúta Olúmọ tí ó dáàbò bò wọ́n. A kì í sọ púpọ̀ nípa odò tí ó bọ́ wọn. Ògùn ni ọ̀nà tí epo, òwú àti ọjà gbogbo ń gbà lọ sí Èkó, tí aṣọ, iyọ̀ àti ìbọn sì ń gbà wọlé. Arò ni èbúté ìlú náà. Nígbà tí Robert Campbell, ọmọ Jàmáíkà, bẹ ilẹ̀ wa wò ní 1859, ọkọ̀ odò ni ó wọ̀ láti Èkó dé Abẹ́òkúta.

Odò tí ń bọ́ni a sì máa ṣí ọ̀nà fún ọ̀tá. Ní 3 oṣù kẹta 1851, àwọn ọmọ ogun Dàhọ̀mì wá láti ìwọ̀-oòrùn, wọ́n la odò kọjá, wọ́n sì kọlu ìlú ní ẹnu ibodè Arò. Ẹ wo oṣù tí wọ́n yàn: ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ni, nígbà tí omi kéré jù. Ní oṣù kẹta kan náà ni wọ́n tún padà wá ní 1864. Lẹ́ẹ̀mejèèjì ni a ṣẹ́gun wọn.

Ní ìparí 1851 yẹn náà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ńlá lé Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó, wọ́n sì sọ Èkó di tiwọn ní 1861. Láti ọjọ́ náà ni ẹni tí ó ni odò àti ẹni tí ó ni ẹnu odò ti di ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ̀gbá di àárín mú, gómìnà di ìsàlẹ̀ mú. Ní 1865, G. W. Johnson àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta láti máa bá ìjọba ìlú ṣe nǹkan bí ìlú ọ̀làjú, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí gba owó ibodè lórí ọjà tí ń gba odò lọ. Gómìnà Glover kọ̀, ó sì rán àwọn ọlọ́pàá rẹ̀ wọ inú ilẹ̀ tí àwọn Ẹ̀gbá kà sí tiwọn. Bínú ti ń bí wọn yìí ni ó bú jáde ní 13 oṣù kẹwàá 1867, ọjọ́ tí a ń pè ní Ìfọ́lé. Wọ́n wó ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n kó ẹrù àwọn míṣọ́nnárì, wọ́n sì lé wọn kúrò nílùú. Ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ Ẹ̀gbá bá wọn lọ sí Èkó, Glover sì fún wọn ní ilẹ̀ ní Èbúté-Mẹ́ta. A ti máa ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa pé ìjà ẹ̀sìn ni Ìfọ́lé. Ìjà ẹ̀sìn wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá rí owó ibodè lójú odò kò tíì rí ìdí ọ̀rọ̀.

Ohun tí ó pa òwò odò náà kì í ṣe ogun. Ọkọ̀ ojú irin ni. Ní 1896 ni iṣẹ́ ojú irin bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Ó gba Abẹ́òkúta, ó sì dá odò Ògùn kọjá lọ sí Ìbàdàn, wọ́n sì ṣí i ní 1901. Láàárín ìran kan, àwọn èbúté tí a ti ń ná ọjà di ibi tí a ti ń fọ aṣọ.

ÒGIRI ÒKÚTA NÍNÚ ÒKUN

Bí odò ti ń di ẹni ìgbàgbé ni ẹnu rẹ̀ ń di pàtàkì sí i. Òkìtì yanrìn ńlá kan wà lábẹ́ omi ní ẹnu ọ̀sà Èkó, níbi tí omi inú àti ìgbì òde ti ń pàdé. Omi orí rẹ̀ kò jìn ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 9 sí 12 lọ, yanrìn náà kò sì dúró sójú kan. Ọkọ̀ òkun ńláńlá kò lè wọlé. Forcados ni wọ́n ti ń já ẹrù Èkó sínú ọkọ̀ kéékèèké. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni ó fọ́ níbẹ̀, tí ènìyàn sì bá a lọ.

Ní 1907, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ́ yanrìn náà, lẹ́yìn èyí ni a sì bẹ̀rẹ̀ sí kó òkúta sínú òkun láti fi mọ ògiri méjì, ọ̀kan ní ìlà-oòrùn, ọ̀kan ní ìwọ̀-oòrùn, kí omi ọ̀sà lè máa fi agbára tú jáde láàárín wọn. Ní 1914 ọkọ̀ òkun ńlá ti ń wọ inú Èkó; ní àárín ọdún 1920 sí 1929 ni èbúté Àpápá sì dé. Láìsí iṣẹ́ yìí, Èkó ìbá má di Èkó tí a mọ̀ lónìí.

Ṣùgbọ́n yanrìn etíkun wa kì í jókòó. Ìgbì ń gbé e láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn láìsinmi. Ògiri ìwọ̀-oòrùn dí i lọ́nà, yanrìn sì ń gbá jọ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Etí òkun tí ó wà ní ìhà ìlà-oòrùn, tí a ń pè ní Bar Beach, kò rí èyí tí yóò fi dípò ohun tí òkun ń kó lọ. Láti ìgbà náà ni òkun ti ń jẹ ilẹ̀ ibẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà ni a kó yanrìn dà á, lọ́pọ̀ ìgbà ni òkun tún kó o. Lẹ́yìn ọ̀rúndún kan ni a wá mọ ògiri òkúta mìíràn síbẹ̀, tí a sì ń kọ́ ìlú tuntun sẹ́yìn rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ 2012, ìgbì òkun kọlu Kúrámọ̀ ní òru, ó sì gbé àwọn ènìyàn lọ. Àwọn tí ó gbé lọ kì í ṣe àwọn tí ọkọ̀ òkun wọlé fún.

ÌSÉDÒ ÀTI ÌKÚN OMI

Ohun tí a ṣe sí ẹnu odò ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ni a tún ṣe sí òkè rẹ̀ ní ìparí. Ní 1983 ni a ṣí ìsédò Ọyán, tí ó lè gba omi tí ó tó mílíọ̀nù 270 mítà kúbíìkì, kí Abẹ́òkúta àti Èkó lè rí omi mu. A tún sé Ògùn fúnra rẹ̀ ní Ìkẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ rere ni. Ta ni yóò kọ omi? Ṣùgbọ́n ìsédò tí ó bá kún gbọ́dọ̀ tú omi, omi tí a bá sì tú lókè gbọ́dọ̀ gba ìsàlẹ̀ kọjá. Ní oṣù kẹwàá 2010, omi bo Ajégúnlẹ̀ tí ó wà lójú ọ̀nà Ìkòròdú, àti àwọn àdúgbò ìhà Ìṣẹri. Àwọn ènìyàn fi ọkọ̀ ojú omi rìn ní òpópónà, ọ̀pọ̀ sì fi ilé sílẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹ̀rù a máa ba àwọn ará ibẹ̀ bí oṣù kẹsàn-án bá ti wọlé.

Àríyànjiyàn tí ó tẹ̀ lé e kò yàtọ̀ sí ti 1867. Àwọn ará ìsàlẹ̀ ń dá àwọn ará òkè lẹ́bi pé wọ́n tú omi. Àwọn ará òkè ń dá àwọn ará ìsàlẹ̀ lẹ́bi pé wọ́n kọ́lé sójú ọ̀nà odò. Òtítọ́ wà lẹ́nu àwọn méjèèjì. Irà tí ó wà nísàlẹ̀ Ìṣẹri kì í ṣe ilẹ̀ tí ó ṣófo. Ibẹ̀ ni odò ti ń sinmi kí ó tó wọ ọ̀sà. Ibẹ̀ gan-an ni àwo ti ń ṣiyèméjì. A ti kó erùpẹ̀ dí púpọ̀ nínú rẹ̀, a sì ń wa yanrìn nínú odò àti nínú ọ̀sà láti fi kọ́ ilé. Odò tí ó bá dé ibi tí ó ti máa ń tẹ́ ara rẹ̀, tí kò rí àyè, yóò wọ ilé onílé ni. Kì í sì í ṣe pé àwọn tí wọ́n kọ́lé síbẹ̀ kò gbọ́n. Púpọ̀ nínú wọn ra ibi tí owó wọn ká ní ìlú tí ilẹ̀ ti di wúrà, kò sì sí ẹni tí ó sọ ìtàn odò náà fún wọn.

ÌPARÍ Ọ̀RỌ̀

Níbo, nígbà náà, ni odò Ògùn parí sí? Ní Ìṣẹri àti Agbóyì, bí a bá ń wá ibi tí agbára omi rẹ̀ tán. Ní ẹnu ọ̀sà, bí a bá ń wá ibi tí ó gbé kan òkun. Ẹni tí ó bá mọ ọ̀kan tí kò mọ èkejì ni ó máa ń ṣèpinnu tí ń pa ẹlòmíràn lára. Èyí ni èsì tí mo ìbá fún ọ̀rẹ́ mi ní ọjọ́sí.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo fi ń kásẹ̀ ọ̀rọ̀ nílẹ̀, pàápàá sí ẹ̀yin olùkọ́. Àwọn èbúté odò yìí, láti Arò dé Agbóyì, ní orúkọ, orúkọ wọ̀nyí sì ń sọ ibi tí omi ti jìn, ibi tí ó ti ń kún, àti ẹni tí ó kọ́kọ́ dé. Àwọn àgbà apẹja àti àwọn atukọ̀ ni wọ́n mọ̀ wọ́n, wọn kò sì pọ̀ mọ́. Ẹ kó àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lọ sí etí odò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n béèrè, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn, kí wọ́n sì fi sára àwòrán ilẹ̀. Ẹgbẹ́ wa lè ṣe èyí láàárín ìsinmi méjì. Bí a bá ṣe é, nígbà tí ẹnìkan bá fẹ́ ra ilẹ̀ ní ìhà Ìṣẹri, yóò lè béèrè orúkọ ibẹ̀, yóò sì mọ̀ bóyá odò ni ó ni ín.